Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Igun ọtí àlejò nínú ilé

Bí ẹ bá fẹ́ ya igun kan sọ́tọ̀ ní pálọ̀ fún ọtí àlejò, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Oòrùn a máa ba adùn bíà jẹ́, pàápàá èyí tó wà nínú ìgò aláwọ̀ ewé. Ìgò wáìnì tí wọ́n fi kọ́ọ̀kì dí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má baà gbẹ. Òòró ni kí wisikí àti ògógóró wà.

Ẹmu ló yọnu jù. Ó ṣì ń hó nínú ìgò. Bí ẹ bá dé e pa, ó lè bú gbàù, kó sì da ìfófòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ gan-an ni kí ẹ rà á.

Ẹ gbé omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí igun náà pẹ̀lú. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ọtí náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì tì í pa.