Àtẹ, máàpù, gíráàfù: orúkọ wo ni ó yẹ àwòrán ìsọfúnni?

Orí àtẹ ni ọlọ́jà ń to ọjà sí kí oníbàárà lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti inú ìlò yìí ni pàtẹ àti ìpàtẹ ti wá. Nínú ẹ̀kọ́ gírámà, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni à ń lò fún ìsọfúnni tí a tò ní ìbú àti òòró. Kọ́ńsónáǹtì 18 inú Yorùbá àjùmọ̀lò bá irú àtẹ bẹ́ẹ̀ mu, nítorí ohun tí òǹkàwé ń fẹ́ ni kí ó fi ojú tọ ìlà kan títí yóò fi bá ìró tí ó ń wá. Àṣìlò ni kí ògbufọ̀ máa pe gbogbo àwòrán ìsọfúnni ní àtẹ. Ìbéèrè wo ni àwòrán náà ń dáhùn? Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ti àrùn onígbáméjì tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Soho, ní ìlú London, ní 1854. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 500. Bí a bá to iye òkú ojoojúmọ́ sínú àtẹ, a óò mọ ọjọ́ tí ikú pọ̀ jù, ṣùgbọ́n a kò ní mọ ibi tí ó ti ń wá. Ohun tí Dókítà John Snow ṣe ni pé ó fi ìlà dúdú kékeré sàmì sí ilé tí òkú ti jáde lórí máàpù. Àwọn ìlà náà ṣùjọ yí ẹ̀rọ omi Broad Street ká. Ibi tí ìlà kò sí pàápàá ń sọ̀rọ̀: kò sí òkú ní ilé ìpọntí tí ó wà nítòsí, ọtí ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń mu. (Àwọn kan máa ń sọ pé máàpù yìí ni ó mú kí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀: 8 Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yọ ọ́, máàpù sì dé lẹ́yìn náà.) A lè lo àwòrán ilẹ̀ dípò máàpù, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ àwòrán oko tàbí òkè tí ayàwòrán kùn, máàpù kò ní irú iyèméjì bẹ́ẹ̀.

Olóbìrìkìtì gba ìṣọ́ra. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ń fi ìpín hàn: odidi kan ni a gé sí wẹ́wẹ́. Èyí tí Florence Nightingale gbé jáde ní 1858 lórí ikú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun Crimea rí roboto, ṣùgbọ́n kì í ṣe odidi ni ó ń pín. Oṣù kọ̀ọ̀kan ní abala tirẹ̀. Bí abala bá ṣe nà síta tó ni òkú oṣù náà ṣe pọ̀ tó. Àwọ̀ búlúù dúró fún àrùn tí a lè dènà, pupa fún ọgbẹ́ ogun, búlúù sì bo pupa mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ìpín ikú" ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. "Ikú lóṣooṣù" ni ó yẹ ẹ́.

Fún ìfiwéra iye, àwòrán tí ọ̀pá gígùn àti kúkúrú wà nínú rẹ̀ dára. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé bí a ti ń sọ olóbìrìkìtì ni a óò ṣe sọ ọlọ́pàá. Kí ó má dán an wò: "àwòrán ọlọ́pàá" yóò mú agbófinró wá sí ọkàn òǹkàwé. Gíráàfù ọ̀pá ni kí ó kọ, kí ó sì fi gíráàfù ìlà sílẹ̀ fún ohun tí ń lọ sókè sódò bí àkókò ti ń lọ.