Ẹni Tó Ń Dá Iṣẹ́ Ọnà Ṣe Kò Gbọdọ̀ Dá Wà

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìyá máa ń bá wa sọ, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé. Wọ́n á ní, “Ìyá Akọ̀wé, ọmọ mi ò wá iṣẹ́ ìjọba o, ó ní àdìrẹ lòun fẹ́ máa ṣe.” Ti ẹlòmíràn, àwòrán ni ọmọ fẹ́ máa yà. Ti ẹlòmíràn, fọ́tò ni, tàbí kó máa wé gèlè kó sì máa kun ojú fún ìyàwó. Ìbéèrè gbogbo wọn kò ju ọ̀kan lọ: ṣé iṣẹ́ lèyí? Ta ni yóò máa san owó oṣù fún un?

Iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò san owó oṣù. Òun ni ọ̀gá, òun ni ọmọ iṣẹ́, òun náà ni akọ̀wé owó. Ohun tí a sì rí ni pé ọ̀pọ̀ wọn ń rò pé ẹni tó ń dá iṣẹ́ ṣe ní láti máa dá wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú. Àdìrẹ la ó fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí òun la mọ̀ jù ní Abẹ́òkúta níbí, òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá ìyá wa fi tọ́ ọmọ.

Ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ ló ń mú, yóò tì í bọ inú ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún àti álọ́ọ̀mù sè, yóò fi ya ọnà sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Bó bá ti gbẹ, ó di ọ̀dọ̀ aláró. Aláró ló ní ìkòkò, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń fi omi eérú pa aró. Aṣọ á wọlé, á jáde, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, ohun tó jáde bí àwọ̀ ewé á di búlúù lójú yín báyìí. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún gbé e jáde, títí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ṣe ń fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò lára rẹ̀. Aládìrẹ lọ́tọ̀, aláró lọ́tọ̀, ẹni tó ń fi ìko di aṣọ lọ́tọ̀, àwọn ọkùnrin sì ni wọ́n ń gé páànù tí wọ́n fi ń tẹ ọnà. Olúkúlùkù ló ń dá tirẹ̀ ṣe, kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnìkejì. Síbẹ̀ bí ọ̀kan bá dúró, gbogbo iṣẹ́ dúró.

Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò ń wá láti Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, wá ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dojú dé lẹ́yìn 1929, ọjà kò tà mọ́, gbèsè aṣọ funfun tí àwọn obìnrin gbà láwìn lọ́wọ́ àwọn ilé ìtajà òyìnbó wá wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwọn kan ti ń lo kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó kí iṣẹ́ lè yá. Àwọn mìíràn ní ó ń jẹ aṣọ, ó ń ba orúkọ àdìrẹ jẹ́. Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin dè é, àwọn aláró kò gbà. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà jà títí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Ẹni tó jàre nínú ọ̀rọ̀ aró yẹn, àwa kò ní dá ẹjọ́ rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: aláró kan ṣoṣo, ta ni ìbá gbọ́ tirẹ̀ láàfin?

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọmọ òde òní.

Ohun àkọ́kọ́ ni ọwọ́. Kí ó ní ọwọ́ tirẹ̀, tí ènìyàn bá rí aṣọ náà lọ́nà, kó mọ̀ pé ti lágbájá nìyí. Ìbàdàn dùn, Olókun, Ṣùnbẹ̀bẹ̀, gbogbo wa la ni wọ́n, kò sẹ́ni tó lè ní òun nìkan ló ni ín. Kó kọ́ wọn dáadáa, kó wá fi tirẹ̀ lé e. Àwọn àgbà náà kò fìgbà kan dúró sójú kan. Ọnà tí wọ́n ń pè ní Olóba, 1935 ló dé, nígbà tí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè. Ẹni tó kọ́kọ́ ro ìyẹn, ojú rẹ̀ là! Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹ̀rọ ti ń tẹ aṣọ tó jọ àdìrẹ ní ìlú òkèèrè, wọ́n ń kó o wọlé, ẹ̀yin náà ń rí i lọ́jà. Kò sí bí ọmọ ṣe lè fi owó pọ́ọ́kú bá ẹ̀rọ díje. Ẹ̀rọ ò jẹun, ẹ̀rọ ò san owó ilé. Ṣùgbọ́n ọnà tí ọwọ́ yà lẹ́ẹ̀mejì lára aṣọ kan, wọn kì í bára mu tán, kọ́sítọ́mà tó mojú aṣọ á rí i.

Èkejì ni iye owó, ibẹ̀ lọ́rọ̀ pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ iye tí òun ra aṣọ, tí kò mọ iye tí ọwọ́ òun tó. Ká sọ pé ọmọ ra aṣọ funfun yáàdì márùn-ún ní ₦12,000. Aró àti kọ́sítíìkì, ₦3,000. Láfún àti álọ́ọ̀mù, ₦1,000. Igi ìdáná, ọkọ̀ àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ₦2,000. (Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fojú fo ìbọ̀wọ́ yẹn o, kọ́sítíìkì ń bó ọwọ́.) Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦18,000. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta lórí rẹ̀, ó wá tà á ní ₦22,000, inú rẹ̀ ń dùn pé òun jèrè ₦4,000. Èrè kọ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ó lọ bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn ní ₦6,000 lójúmọ́, ₦18,000 ni ìbá gbà. Nítorí náà ₦36,000 ni aṣọ náà dúró lé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ èrè, a ò sì tíì ka aṣọ tí aró bàjẹ́ mọ́ ọn. Kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, kó má máa fi orí kà á.

Kí ó sì gba àsansílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́, ó kéré tán iye tí yóò fi ra ohun èlò. Ẹ jọ̀ọ́, níbi yìí a fẹ́ bá àwọn kan nínú wa wí. Ẹ ó gbé iṣẹ́ fún ọmọdé, ẹ ó ní “ṣé o ò fọkàn tán ìyá rẹ ni?”, bó bá parí rẹ̀ tán, ẹ ó tún ná an bí ẹni ń ná tòmátì. Tòmátì, ẹ lè fi sílẹ̀ kí ẹlòmíràn rà á. Aṣọ tí wọ́n ya orúkọ ẹbí yín sí, ta ni wọ́n fẹ́ tà á fún?

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹni tó ya ọnà tuntun ló ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ́sítọ́mà tó sanwó fún un, aṣọ ló rà, kò ra ẹ̀tọ́ àtimáa tẹ ọnà náà síta, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé. Nítorí náà kí ọmọ ka ìwé kó tó fọwọ́ sí i. Kó sì máa fi fóònù ya iṣẹ́ rẹ̀ ní fọ́tò, kó kọ ọjọ́ sí i, kó tó jáde nílé.

Èyí tó kù ni ẹgbẹ́. Owó iṣẹ́ ọnà kì í wọlé bí owó oṣù. Ó lè ya dé lásìkò ọdún, kí oṣù méjì tó tẹ̀ lé e gbẹ táútáú. Ẹni tó dá wà, ìgbà gbígbẹ yẹn ló ń ta ìkòkò aró rẹ̀ jẹ. Àwa tí à ń dá èsúsú mọ èyí dáadáa. Bí ọmọ mẹ́wàá bá ń dá a lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn lè ra òdindi igàn aṣọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní máa ra á ní yáàdì-yáàdì lówó gọbọi. Bí iṣẹ́ aṣọ ẹbí tó tó igba bá sì dé bá ẹnì kan, kò ní láti kọ̀ ọ́; yóò pín in, bí aládìrẹ ṣe ń pín in fún aláró láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fẹnu kò lórí owó kí wọ́n tó pín iṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti ń dé.

Olóyè Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní 1951 ní Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, ilé ló ti kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dé òkè òkun, kò gbá a mọ́ra. Ní 1983 ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan á ní ó ń tọ́ ẹni tí yóò gba kọ́sítọ́mà rẹ̀. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ibi tí oníṣẹ́ bá pọ̀ sí ni olùrà ń wọ́ lọ, ẹ wo Ìtòkú. Ẹni tó ń wá àdìrẹ kì í bi pé ilé ta ni, Ìtòkú ló ń bèèrè, bó bá débẹ̀ tán ni yóò tó mú ọwọ́ tó wù ú.

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó fẹ́ kí a bá a kọ ìwé àdéhùn kékeré tí kọ́sítọ́mà yóò máa fọwọ́ sí, kó rán ọmọ náà sí wa ní ìsọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kó mú ìwé àti bírò tirẹ̀ dání o, tiwa ti ń tán.