Kónílé-ó-gbélé Ẹnì Kan Ṣoṣo

Ọ̀rọ̀ kónílé-ó-gbélé kì í ṣe àjèjì sí etí ọmọ Yorùbá. Láyé àwọn baba wa, bí Orò bá fẹ́ jáde, obìnrin a wọlé, a ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, àlejò tí ó bá mọ ara rẹ̀ a sì bá wọn jókòó sínú ilé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Láyé tiwa náà, àwọn tí ó wà ní Èkó ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 kò tíì gbàgbé ọjọ́ tí ìjọba kéde pé kí gbogbo ìlú wọlé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, tí ọkọ̀ dí pa lójú pópó tí ẹsẹ̀ kò sì gbèrò, tí ìjọba fúnra rẹ̀ sì wá sún aago mẹ́rin náà sí aago mẹ́sàn-án, nítorí ó hàn sí tolórí tẹlẹ́mù pé kò sí bí ará ìlú ṣe lè délé.

Ṣùgbọ́n kónílé-ó-gbélé tí mo ní lọ́kàn lónìí, ẹnì kan ṣoṣo ni a ń pàṣẹ rẹ̀ fún, aládùúgbò rẹ̀ kò sì gbọ́ agogo kankan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ lè pàṣẹ fún ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò tó ti ẹ̀wọ̀n pé kò gbọdọ̀ jáde nílé láti aago báyìí sí aago báyìí. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999 ni wọ́n sì ti ń tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan sílẹ̀ ṣáájú àkókò lórí irú àdéhùn kan náà. Ẹni tí ó ń ṣọ́ wọn kì í ṣe ọlọ́pàá tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí kò ṣe ìdè kékeré kan tí ó dà bí aago ọwọ́, tí a so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, tí gbogbo ayé níbẹ̀ ń pè ní táàgì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè wa fi pe irin tí a fi ń de èèyàn àti ilé tí a ń ti èèyàn mọ́: ẹ̀wọ̀n ni méjèèjì. Àfi bí ẹni pé àwọn àgbà ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó mú ilé náà kúrò, tí irin nìkan yóò kù.

Adájọ́ Amẹ́ríkà kan, Jack Love, ti ìlú Albuquerque, ni ó kọ́kọ́ fi irú ìdè báyìí dá èèyàn lẹ́jọ́, ní ọdún 1983, a sì gbọ́ pé inú ìwé àwòrán Spider-Man ni ó ti rí ọgbọ́n náà. (N kò rò pé àwọn olùkọ́ tí ó ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń gbà.) Ní ọdún 1989, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dán tiwọn wò.

Bí wọ́n ṣe ń so ó nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ tàbí alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ kan á kan ìlẹ̀kùn, á so ìdè mọ́ ẹsẹ̀, á ki àpótí kékeré kan bọ iná mànàmáná, yóò sì rí i pé a gbé ìdè náà dé ilé ìdáná, a gbé e dé balùwẹ̀, a gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kí àpótí lè mọ ibi tí ilé pin sí. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé kì í sábà sí nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ìdè ń bá àpótí sọ̀rọ̀, àpótí ń bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Bí aago bá sì lù tí àpótí kò gbúròó ẹsẹ̀, ọ́fíìsì ti mọ̀. A lè fi í wẹ̀, a lè fi í sùn. Sòkòtò gígùn a sì bò ó.

Fún ẹni tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé, aago méje alẹ́ sí aago méje òwúrọ̀ ni ó wọ́pọ̀. Ti ilé ẹjọ́ ti ń gùn sí i: ó ti wà ní wákàtí 12 lóòjọ́ rí, ó di 16, òfin ọdún 2022 sì sọ ọ́ di 20, bí kò bá ṣáà ti ju 112 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù kẹfà, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Ẹni tí àsìkò rẹ̀ jẹ́ aago méje a jókòó sójú fèrèsé nínú ìmọ́lẹ̀ kedere, a máa wo ọmọ ọlọ́mọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Èrò àwọn tí ó gbé ètò yìí kalẹ̀ kò burú. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, ẹni tí ó bá sì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú àárẹ̀, tí ó ń san owó ilé, tí ó ń bọ́ ọmọ, kò ní àyè ìwàkiwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa tí ó dé Peckham àti Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù fi ń bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kí àwọn tó ni ọ́fíìsì tó jí, wọ́n ń tọ́jú arúgbó lóru, wọ́n ń ṣọ́ ọjà ọlọ́jà nígbà tí ọlọ́jà ti sùn. Agbálẹ̀ tí ó gbọdọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí, kí ni yóò ṣe pẹ̀lú táàgì tí kò gbà kí ó yọ ẹsẹ̀ títí di aago méje? Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán pàápàá kò bọ́. Ọ̀gá a fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní aago mẹ́ta pé, "Jọ̀ọ́, bá mi dúró di mẹ́jọ lónìí." Ẹlòmíràn a yọ̀ sí owó àfikún, ti ẹni yìí, inú rẹ̀ a kọ́kọ́ bàjẹ́, lẹ́yìn náà a wá irọ́ tí yóò pa: orí ń fọ́ mi, ọmọ wà nílé. Bí ó bá sì tètè kúrò náà, ọkọ̀ ojú irin lè dúró sójú ọ̀nà láìsọ ìdí. Èkó rí ẹni sún aago mẹ́rin sí mẹ́sàn-án fún un nítorí pé gbogbo ìlú ni ó pẹ́; ta ni yóò sún un fún ẹnì kan ṣoṣo? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí, ìṣẹ́jú méje lọ́la, wọ́n ń ṣà wọ́n jọ ni, bí wọ́n bá sì pọ̀ tó, ìwé ìkìlọ̀ a dé. Lẹ́yìn ìkìlọ̀, ti adájọ́ a tún kan ilé ẹjọ́. Ti ẹlẹ́wọ̀n tí a tú sílẹ̀ lè dá a padà sí àtìmọ́lé.

Àyè wà láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí wákàtí padà nítorí iṣẹ́. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di egungun ẹja lọ́fun, nítorí ẹ̀rí tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá, tí ó sọ aago tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ó ń parí. Ohun tí sòkòtò ti ń bò láti ọjọ́ yìí wá, onítọ̀hún ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká sòkòtò sókè fi hàn. Òfin kan tí ó ti wà láti ọdún 1974 fi hàn pé ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi kọ́ ẹni lọ́rùn títí láé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni tí ó pọn dandan kí òṣìṣẹ́ sáré lọ jẹ́wọ́ fún láìbéèrè, ṣùgbọ́n bí agbanisíṣẹ́ bá béèrè nígbà tí ọjọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà kò tíì kọjá lójú òfin, kò gbọdọ̀ purọ́. Lójú tèmi, ó sàn kí ó tètè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ̀gá tí ó bá ní ojú àánú, ní kọ̀rọ̀, ju kí ẹlẹgbẹ́ kan rí i ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ ba gbé ẹrù. Mo mọ̀ pé àwọn tí yóò pàdánù iṣẹ́ nítorí òtítọ́ yìí wà. N kò lè pe irọ́ wọn ní ìwà òmùgọ̀.

Bí ó bá kan ọmọ ẹni tàbí ará ilé ẹni, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ti ìwé ẹ̀bẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe, kí ilé ẹjọ́ má ṣe jẹ́ kí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ forí gbárí pẹ̀lú àkókò iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ìsìn ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Adájọ́ kì í ṣe babaláwo. Ẹ kọ aago iṣẹ́ náà sílẹ̀, tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́ àti iye àkókò tí ọkọ̀ ń gbà, kí ìwé náà sì wà lọ́wọ́ lọ́yà kí adájọ́ tó la ẹnu.