Bí Ẹ Bá Ń Jẹ Ẹran Níta ní Èkó, Ẹ Má Tijú Láti Béèrè

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí à ń jẹ níta ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ẹran màlúù sísun tí wọ́n ń pè ní sítéèkì ní àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá Èkó. Lónìí, ẹni tó bá gba owó oṣù, tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀, Victoria Island tàbí Lekki ni yóò forí lé. Yóò jókòó síbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́, wọn yóò sì gbé abọ́ ẹran kan ka iwájú rẹ̀ tí owó rẹ̀ tó owó ọjà ilé fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìgbádùn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó gbádùn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìtìjú. Ní búkà, kò sí ẹni tí ń tijú. Bí ọbẹ̀ bá tutù, a ó ké sí olóúnjẹ pé, “Ìyá, ẹ bá wa gbé e padà sórí iná o,” òun náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì gbé e padà. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ ibi tí aṣọ funfun wà lórí tábìlì, ẹnu wa a di. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ yóò béèrè pé báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí ẹran yín jiná tó. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jẹ ẹran jíjiná yóò wá wo ojú àwọn tó jókòó sí tábìlì kejì, yóò ní kí wọ́n gbé èyí tí inú rẹ̀ ṣì pupa wá, kí wọ́n má baà pe òun ní ará oko.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, aboyún oṣù márùn-ún kan wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọkọ rẹ̀ ti gbé e jáde lọ jẹun ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ìgbẹ́ gbuuru ti mú un láti ọjọ́ Àìkú, ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Mo bi í léèrè ohun tó jẹ. Ẹran tí inú rẹ̀ pupa ni, àti ewébẹ̀ tútù. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, èmi gan-an kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ojú ló tì mí láti dá a padà.” Èmi kò lè búra pé ẹran náà ni. Ó lè jẹ́ ewébẹ̀, ó sì lè jẹ́ omi dídì inú ife. A bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, a sì fi í ránṣẹ́ sí ọsibítù kíákíá, nítorí ìgbẹ́ gbuuru nínú oyún kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyá àti ọmọ yè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ẹran náà ṣe rí. Ẹran màlúù tí a gé ní odidi, ìta rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn máa ń wà, níbi tí ọwọ́, ọ̀bẹ àti eṣinṣin ti kàn án. Iná gbígbóná tó bá jó ìta náà dáadáa yóò pa wọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òyìnbó fi ń jẹ èyí tí inú rẹ̀ pupa láìsí ewu púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹran lílọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bọ́gà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí ẹ̀rọ ti kó ohun tó wà níta wọ inú. Bọ́gà tí inú rẹ̀ pupa, ẹ dá a padà, ì báà ṣe ibi tí gómìnà ń jẹun sí.

Ohun mìíràn tún wà tí iná ìta nìkan kò lè pa. Aràn pẹlẹbẹ kan wà tí ọmọ rẹ̀ máa ń sá pamọ́ sínú ẹran ara màlúù, nínú àpò kékeré tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Bí a bá jẹ ẹ́ láìjiná, yóò dàgbà nínú ìfun wa títí yóò fi gùn ju mítà 4 lọ, ó sì lè gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ gba irú àlejò bẹ́ẹ̀? Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní toxoplasma náà ń ti inú ẹran tí kò jiná wọ ara aboyún, ó sì lè ba ojú tàbí ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, aboyún, ọmọdé, arúgbó àti ẹni tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára, kí wọ́n ní kí ẹran àwọn jiná dé àárín, kí pupa kankan má kù.

Àwọn elétò ìlera Amẹ́ríkà ní kí inú odidi ẹran gbóná dé ìwọ̀n 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó sì sinmi fún ìṣẹ́jú 3 kí a tó gé e, ẹran lílọ̀, 71, adìyẹ, 74. Ojú nìkan kì í mọ èyí. Ilé oúnjẹ tó ń gba owó ńlá yẹ kó ní òṣùwọ̀n ooru tí wọ́n ń tì bọ inú ẹran. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Kí ẹ̀yin tí kì í lọ sí Victoria Island má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Mo fẹ́ràn súyà, n kò sì ní tìtorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fi í sílẹ̀. Ẹran rẹ̀ fẹ́lẹ́, iná tètè ń wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n sun láàbọ̀ ní ọ̀sán, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún eṣinṣin di alẹ́, ni kí ẹ sá fún, àti àlùbọ́sà tí wọ́n gé lórí pátákó tí ẹran tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Bí ó bá sì fẹ́ dì í sínú ìwé ìròyìn, ẹ ní kó wá bébà mìíràn, nítorí yíǹkì ìwé kì í ṣe ohun jíjẹ. (Olóòtú wa yóò dárí jì mí: kíkà ni a ṣe ìwé ìròyìn fún.) Ìrẹsì tó ti wà nílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ tún gbé e kaná, májèlé tí kòkòrò ti ṣe sínú rẹ̀ kì í kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja Títọ́ọ̀sì tí oòrùn ti pa létí òkun kí wọ́n tó sun ún: iná kò lè mú ohun tó ń fa ara yíyún àti orí fífọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Àrùn onígbáméjì, tó wọ agbègbè Èkó ní ìparí ọdún 1970, tún jà nílùú náà ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ó sì pa ènìyàn. Ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, níbi tí Victoria Island àti Lekki wà, kò yọ sílẹ̀. Omi àti ọwọ́ àìmọ́ ni ó ń gbà wọlé, kò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Omi dídì kì í pa kòkòrò; bí ẹ kò bá mọ omi tí wọ́n fi ṣe é, ẹ mu ohun inú ìgò tí wọ́n ṣí lójú yín.

Ẹ̀yin ẹlẹ́jẹ̀ ríru, iyọ̀ ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ tó ṣíbí tíì kan tó kún déédéé, ẹ̀rọjà súyà àti ọbẹ̀ ìfikẹ́ran sì lè gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọbẹ̀ náà sọ́tọ̀.

Bí gbuuru bá sì mú ẹnikẹ́ni nínú ilé lẹ́yìn ìjẹun níta, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí wọ́n jẹ́ déédéé, sínú lítà 1 omi mímọ́, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ìgbẹ́ bá dà bí omi ìṣanrẹsì, bí ibà bá gbóná, tàbí bí kò bá tọ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa fún un ní omi náà lójú ọ̀nà. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní òògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró.