Kíndìnrín Méjì
Kíndìnrín méjì ni ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa bí a ti ń sẹ́ ògì, tí wọ́n sì ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ìtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ a máa bà wọ́n jẹ́ láìpariwo. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Àgbàdo, ẹ jẹ́ kí dókítà tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ yín wò.

Bí méjèèjì bá kọṣẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi ọ̀kan tọrẹ. Ní Boston, Amẹ́ríkà, ní 1954, Ronald Herrick fi ọ̀kan fún Richard, ìbejì rẹ̀. Richard yè fún ọdún 8 sí i. Ronald wà láàyè títí di 2010. Ní 2000, Ilé Ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí aláìsàn rò pé ẹrù ni òun. Ìtùnú kì í wo kíndìnrín sàn, ṣùgbọ́n a máa fún ọkàn ní agbára láti fara da ìtọ́jú.