Ìtàn Tí Olùkàwé Ń Yan Ẹlẹgbẹ́ Rìn

Ní ọdún 1982, Steve Jackson àti Ian Livingstone tẹ ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìpín inú rẹ̀ jẹ́ 400; olùkàwé fúnra rẹ̀ ni ó ń yan ọ̀nà. Gallimard gbé e wá sí èdè Faransé lẹ́yìn náà.

Irú rẹ̀ ni àwa ń gbèrò láti bá àwọn ọmọ kíláàsì wa kọ ní Yorùbá, àwọn tí Faransé nìkan ni wọ́n ti fi ń kọ ìtàn rí. Ọdẹ kan yóò gba Àkàbà Ìdẹ̀nà jáde ní Kétu, yóò wọ igbó iwin. Ẹlẹgbẹ́ méje wà tí ó lè mú dání tàbí kí ó fi sílẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ bà wá lẹ́rù: oríṣi ẹgbẹ́ 128! Nítorí náà, gbogbo ẹ̀ka yóò máa padà pàdé ní oríta kan náà, ìtàn yóò sì máa béèrè pé: ṣé akígbe-ìjálá wà pẹ̀lú rẹ?

Bí kò bá sí, ẹnubodè tí ohùn rẹ̀ nìkan ń ṣí yóò wà ní títì, ọdẹ yóò sì gba àbàtà. Àwọn ọmọ ní kí a ṣàánú olùkàwé, a kọ̀. Bí ẹni tí a fi sílẹ̀ kò bá dun olùkàwé, kí ni ó yàn?

A ti kọ ẹlẹgbẹ́ mẹ́ta tán. Babaláwo ni ó ń yọ wá lẹ́nu, nítorí ẹni tí ó ti rí ọ̀nà ṣáájú lè ba gbogbo oríta jẹ́.