Yíyan Alùpùpù fún Ìrìn-àjò Jíjìn

Bí o bá fẹ́ máa fi alùpùpù lọ láti Ṣáṣá sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó sún mọ́ 100 kìlómítà, má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà dídán tàn ọ́ jẹ. Kọ́kọ́ jókòó lé e ní ṣọ́ọ̀bù. Ǹjẹ́ ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì kanlẹ̀? Ǹjẹ́ o lè di ọwọ́ rẹ̀ mú láìtẹ̀ba? Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú, kò ní lè tẹ bíréèkì lásìkò bí tírélà bá yọ lójijì. Ìjókòó tí ó rọ̀ jù a máa tẹ̀ wọlẹ̀, irin a sì máa gún ọ nídìí. Honda 50 tó dé Mọníyà. Fún ọ̀nà jíjìn, wá irú CG125, tí wọ́n gbé jáde ní 1976 fún àwọn ilẹ̀ tí àtúnṣe ti ṣòro. Ṣẹ́ owó akoto kù pẹ̀lú.